Omi Tí Alájì Síttù Dà Nù

Ẹ̀yin jamáà, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń rìn. Inú ń bí mi, n ò ní bò ó fún yín. Ànábì wa kọ́ wa pé kéèyàn mú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà, ara ìgbàgbọ́ ni. Kí ni ká wá sọ nípa ẹni tí òun fúnra ẹ̀ di ìnira ojú ọ̀nà?

Alájì Síttù wà ní abúlé kan lápá Òkè-Ògùn. Orí òkè ni mọ́ṣáláṣí wọn wà, odò wà nísàlẹ̀, ọ̀nà tóóró kan ló so wọ́n pọ̀. Láti ayé bàbá wọn, ẹni tí ò ru nǹkan ló ń yà fún ẹlẹ́rù lọ́nà yẹn. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí Alájì ti ra máṣíìnì, gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ yà fún un. Ọdún méje gbáko ni kò fi pàdánù sàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn Lèmọ́mù gan-an. Àyè yẹn dùn mọ́ ọn ju ìrun fúnra ẹ̀ lọ.

Ní Jímọ̀ kan, oorun gbé e lọ. Nígbà tó jí, àyà ẹ̀ já: bí ẹlòmíì bá ti gba àyè òun ńkọ́? Kò dúró ṣe àlùwàlá, ó gun máṣíìnì, ó ń fun fèrè gòkè. Ìyá Sìnábù, opó arúgbó, wà níwájú ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà."

"Alájì, ẹ jẹ́ n dé ibi tó fẹ̀. Ẹrù ń bẹ lórí mi."

"Ìrun ni mò ń lọ kí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n pẹ́ ni?"

Ó ki máṣíìnì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ìyá yà sínú igbó, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, kẹ́ẹ̀gì ṣubú, omi ń ṣàn lọ. Alájì ò wẹ̀yìn. Ẹni tó gun nǹkan ló yẹ kó fi sálámà kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Èéfín ni tiẹ̀ fi kí ìyá. Ṣé mùsùlùmí nìyẹn?

Ó dé òkè, àyè ẹ̀ ṣófo, inú ẹ̀ dùn. Ó mú búta kó ṣe àlùwàlá. Òfìfo. Ó mú òmíràn, òfìfo. Ó pe Lásísì, ládàánì tó ń tẹ́ ẹní.

"Lásísì, omi dà?"

"Ó ń bọ̀, Alájì. Ìyá Sìnábù ló ń pọn ún fún wa látìgbà tí kànga ti gbẹ. Ṣé ẹ ò rí wọn lọ́nà ni?"

Alájì gbé búta sílẹ̀. Àwọn tó ti ṣe àlùwàlá látilé ń wọlé, sàfù iwájú kún lójú ẹ̀. Ẹlòmíì á ní, Aáfà, ṣé kò lè fi erùpẹ̀ ṣe tàyámámù ni? Omi wà lọ́nà, ẹ̀yin èèyàn. Òun ló dà á nù.

Lèmọ́mù ti gun mínbárì fún wáàsí kí ìyá tó yọ, ẹrẹ̀ láṣọ, orúnkún bíbó, omi ò ju ìlàjì kẹ́ẹ̀gì lọ. Alájì ò mọ ibi tó máa fojú sí. Ìyá bu omi sínú búta, ó gbé e síwájú ẹ̀.

"Alájì, ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín. Ẹ̀yin lẹ ń kánjú."

Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, ni Alájì ti kírun lọ́jọ́ náà.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ọ̀nà náà tó wa. Ẹ̀yin ọlọ́kadà tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, mò ń wò yín o. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ìkánjú ìrun da omi àlùwàlá wa nù. Kó fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá, kó sì kọ́ wa bí a ṣe ń yà fún ara wa lórí ẹ̀. Àmín.