Wákàtí Mẹ́ta ní Ìlọrin

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà ní àárọ̀ ọjọ́ tí a rí ara wa kẹ́yìn. Ó pín in sí ọ̀rá mẹ́fà, ó kó o sínú fíríìsà. "Bàbá Tọ́lá, ọ̀rá kan lójúmọ́. Ẹ má da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Èkó ló ń lọ, láti wẹ ọmọ tuntun tí Tọ́lá, àkọ́bí wa, bí.

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lẹ́nu láti sọ èyí. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́.

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo ṣe fún ìjọba títí mo fi fẹ̀yìntì. Láti Lọ́kọ́ja dé Àbújá, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni nínú mọ́tò. Láti Àbújá sí Èkó lójú òfuurufú, bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà ni, wákàtí kan àti díẹ̀. Pléènì rẹ̀ gbéra ní aago méjìlá. Aago márùn-ún ló tó pè mí láti ilé Tọ́lá. Ó ní òjò ò jẹ́ kí àwọn balẹ̀ l'Ékòó, pé Ìlọrin ni wọ́n gbé àwọn lọ, fóònù òun sì kú.

Mo ṣírò rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló lé. Ìlọrin sì ni ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ ń gbé.

Mo ní, "Ta lo lọ kí n'Ílọrin?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún ti ń fi rúlà wọ̀n mí."

Mo gé fóònù. Ní ọjọ́ kejì ó pè, n kò gbé e. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú bó ṣe ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Kò dìde mọ́.

A sin ín, àmọ́ ìfura mi kò bá a wọlẹ̀. Ẹ ń kí mi kú ara fẹ́ra kù, èmi ń ka wákàtí. Mo ń gbàdúrà pé, Olúwa, jẹ́ kí n mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo rí i nínú fóònù mi pé nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí ìyàwó mi wọ pléènì, ní aago méjì kọjá. Ẹ mọ̀ pé n kì í gbé irú rẹ̀. Mo ní ọwọ́ ti tẹ ọkùnrin yẹn. Mo pe nọ́ńbà náà.

Obìnrin ló dáhùn. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ló yẹ kí n bi yín. Ẹ pè mí lóṣù tó kọjá."

"Háà, Bàbá Lọ́kọ́ja! Ìyá tó jókòó tì mí nínú pléènì ló fi fóònù mi pè yín. Wọn ò jẹ́ ká bọ́ sílẹ̀ n'Ílọrin rárá, ibi tá a jókòó sí la wà. Mo ní kí wọ́n tún un pè, wọ́n ní ẹ ò ní gbé e, pé nọ́ńbà àjèjì máa ń bà yín lẹ́rù. A rẹ́rìn-ín gan-an. Ìyá ńkọ́?"



Olúwa ti gbà mí lọ́wọ́ ìfura. Ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ sì máa gbé fóònù àwọn ará ilé yín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ọ̀rá ẹ̀wà kan, mo gbé e kaná fúnra mi. Mo ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ní kí n ṣe, títí ó fi rọ̀.