Oyin Ìkómọ Olúwaṣèyítán

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Norcross, ẹ má bínú pé kì í ṣe èmi fúnra mi ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Tẹniọlá ọmọ mi ni mo ní kó kà á, nítorí tí mo bá sọ gbólóhùn méjì báyìí, àfi kí n dákẹ́ kí n wá èémí. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ imú mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́, tọ̀sán tòru. Dókítà ti bá mi sọ ọ́ tán, ó sì ti pe ọmọ mi sí kọ̀rọ̀, ó bá òun náà sọ ọ́. Mò ń lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ti gbé pamọ́ sínú láti ọdún tí Kòrónà dé, mi ò sì gbọdọ̀ gbé e wọ sàréè, torí ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má jáde títí Tẹniọlá á fi kà á tán. Fẹ́yìsayọ̀, tí o bá wà lẹ́yìn níbẹ̀ níbi tí o máa ń jókòó sí, ìwọ gan-an ni mi ò fẹ́ kó dìde.

Ẹ ò ní tíì gbàgbé orúkọ tí àwọn ọmọ yín sọ mí lọ́dún náà: Daddy Ẹ-Gbélé-Yín. Iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà níbí ni mò ń ṣe nígbà náà, ní ọ́fíìsì ètò ìlera, iṣẹ́ mi sì ni láti máa la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé dé, mo máa ń gba ohùn mi sílẹ̀ ní Yorùbá, màá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ, ẹ̀yin náà á sì fi ránṣẹ́ káàkiri, dé Clarkston, dé Houston, dé Ìbàdàn. Ẹ gbélé yín. Ẹ fọwọ́ yín. Ẹ má gba àlejò. Bí ẹ bá fi nǹkan sẹ́nu tí ẹ ò mọ adùn rẹ̀ mọ́, ẹ ti ní in nìyẹn, ẹ yàgò fún ènìyàn. Èmi Oyèkànmí ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òun ló dá mi lẹ́bi.

Inú ń bí gbogbo wa nígbà náà, ẹ rántí. Àwa wà nínú ilé, à ń wo ara wa bí ẹlẹ́wọ̀n, àwọn kan ń ṣe páátì létí omi, àwọn kan ń lu ọmọ tó ń gba owó ọjà torí ó ní kí wọ́n lo ìbòmú. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa, tó máa ń dúró síwájú kámẹ́rà láti kìlọ̀ fún ará ìlú, a rí fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń gé kéèkì láàárín èrò, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Mo bú u. Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn kan nínú yín sọ pé Daddy ti bínú jù. Mo ní ẹni tó ń sọ òfin fáyé tó tún ń rú u ní kọ̀rọ̀, apààyàn ni. Mo pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀fun fi ń dùn mí. Kò séwu, Oyèkànmí, máa pariwo lọ.

Oyèníran, àbúrò mi nínú ìjọ, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Nígbà tí baba rẹ kú, o pè mí, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa ọmọ nìkan ni o. Ká kàn jókòó sí backyard, ká kọrin díẹ̀ fún wọn." Mo ní rárá. Mo ní bí mo bá gbọ́ pé ẹ kó ara yín jọ, èmi fúnra mi ni màá pe ọlọ́pàá. O sunkún lórí fóònù bí ọmọdé, mo sì fi ohùn ọ́fíìsì dá ọ lóhùn. O gbọ́ràn. Orí Zoom lẹ ti wo pósí baba yín bó ṣe ń wọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo yìn ọ́ lórí WhatsApp, mo ní àpẹẹrẹ rere ni ọ́ fún gbogbo ìjọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Tẹniọlá bímọ. Ẹ mọ bí a ṣe wá ọmọ yẹn. Ẹ mọ bí oyún ṣe ń wá tó ń bọ́, tí ọmọ mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni sójú mọ́. Mama Fẹ́yìsayọ̀ ló gbààwẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí, tí wọ́n ní àwọn ò ní í kú láì gbé ọmọ náà. Mama yìí kan náà ló gbà mí sílé ní Clarkston nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà tí mi ò mọ ẹnì kankan. Orí àga pálọ̀ wọn ni mo sùn títí mo fi ríṣẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ náà lórí fóònù, mo ní ọmọ yìí ò ní í gba orúkọ lórí Zoom. Tó bá pé ọjọ́ mẹ́jọ, ilé mi ní Lawrenceville la ó ti sọ ọ́ lórúkọ, oyin á kàn án lẹ́nu, iyọ̀ á kàn án lẹ́nu, àwọn àgbà á sì gbé e. Èmi tí mo fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọlọ́fọ̀ ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo pe àwọn tí mo fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n gbé mọ́tò wọn síwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní títì pa, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá, kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọ basement, yàrá abẹ́ ilé mi, kí aládùúgbò má bàa fura. Adédayọ̀ àna mi bú sẹ́rìn-ín: "Àna mi, ẹ̀yin náà?" Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Nígbà tí mo pe Mama, wọ́n ní, "Oyèkànmí, ṣebí ìwọ lo ní ká má jáde? Fẹ́yì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá." Mo ní, "Mama, tiwa yàtọ̀. A mọ ara wa." Gbogbo ẹni tí mo bú lórí WhatsApp, ohun tí wọ́n fi ń dára wọn láre náà nìyẹn.

Fẹ́yìsayọ̀ ló wà wọ́n wá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó sì ń ṣọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹyin. Pálọ̀ ló ń sùn, abọ́ tirẹ̀ yàtọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó wọlé. Òun nìkan ni mo gbà kó gbé mọ́tò dé iwájú ilé, torí ẹsẹ̀ ń dun Mama. Ó sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀, ó padà sínú mọ́tò, ó pa fèrèsé dé. Mo lọ bá a pé kó wọlé. Ó mi orí. "Uncle, mi ò ní wọlé. Shift tí mo ti ń bọ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń kú níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó nǹkan ran baby. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Mummy yọ mask wọn o." Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Inú mọ́tò yẹn ló jókòó sí títí a fi parí.

Ó ti ń rẹ̀ mí láti àárọ̀. Mo ní basement tí mo gbá ni. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ ni yóò kọ́kọ́ tọ́ oyin wò, á ní ó dùn, á fi ṣàdúrà, á fi kan ọmọ lẹ́nu, lẹ́yìn náà abọ́ á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ṣíbí kan náà, látorí àgbà dórí èwe. Mo bu oyin, mo fi sẹ́nu. Mi ò gbọ́ adùn kankan. Mo tún bù ú. Ó kàn ń fà mọ́ mi láhọ́n ni, bí ògì tí wọn ò fi ṣúgà sí. Mo yára mú iyọ̀, mo fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí iyanrìn ló rí. Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi. Èmi ni mo kéde rẹ̀ fáyé.

Gbogbo wọn ń wò mí. Tẹniọlá ń rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Mama jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi jù, ìbòmú wọn ti wà lágbọ̀n, torí èmi ni mo ní kí wọ́n fà á wálẹ̀ kí ọmọ lè rí ojú ìyá àgbà. Mo lè gbé abọ́ kalẹ̀ nígbà náà. Mo lè ní, "Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, ara mi ò dá." Ojú ló tì mí. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé Daddy Ẹ-Gbélé-Yín ti kó Kòrónà, ó sì kó ènìyàn jọ sábẹ́ ilé. Mo bá rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó dùn! Ayé ọmọ yìí á dùn." Wọ́n ní àmín. Tẹniọlá, ka ibi tó kàn yìí sókè, má gbé ohùn mì. Èmi kọ́ ni mo fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Mo ní kí ìwọ ìyá rẹ̀ fi ìka ara rẹ mú oyin kàn án lẹ́nu láti inú ìgò tí ẹnu kankan ò tíì kàn. O rò pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo yọ Olúwaṣèyítán sílẹ̀ torí mo mọ̀. Mo sì mú ṣíbí tó ti ẹnu mi jáde, mo fi lé Mama lọ́wọ́.

Wọ́n lá a, wọ́n tún lá a. Wọ́n ní, "Oyèkànmí, oyin gidi lèyí o, níbo lo ti rí i?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí kí ara Mama tó gbóná. Fẹ́yìsayọ̀ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọn ò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Fóònù tí nọ́ọ̀sì kan gbé dání ló fi rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Èmi náà ti dùbúlẹ̀ ní yàrá mi nígbà náà, àwọn mìíràn tó lá oyin náà ń wúkọ́ nílé wọn. Mo pè wọ́n. Mo ní tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, orí Zoom la ti ṣe é. Adédayọ̀ ní, "A ò pàdé níbì kankan." Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí Mama kú ni Fẹ́yìsayọ̀ pè mí. Ohun tí mo ṣe lórí fóònù yẹn burú ju ti oyin lọ. Ó ní, "Uncle, ẹ má bínú pé mo bi yín. Ṣé ẹnikẹ́ni ṣàìsàn nínú àwọn tó wá sí naming yẹn?" Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo wúkọ́ sínú rẹ̀, mo tún gbé fóònù. Mo ní, "Kò sí. Gbogbo wa le koko." Ó ní, "Ẹ̀yin náà?" Mo ní, "Èmi gan-an, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà báyìí." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n test mi ní work, Uncle. Wọ́n ní negative." Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n mo fi ìmọ̀ mi ṣe ibi. Mo ní, "Test yẹn máa ń ṣì nígbà míì. Ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́ yẹn ṣáà..." Mi ò parí rẹ̀. Òun ló parí rẹ̀ fún mi. Ó ní, "So èmi ni mo gbé e wálé fún wọn." Ohun tí mo fi dá ọmọ yẹn lóhùn ni pé kó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ ìkómọ fún ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́ mi. Ó gbà. Títí dòní kò tíì dárúkọ rẹ̀.

Oyèníran, o pè mí, o ní báwo ni àrùn ṣe wọlé tọ Mama tí kì í jáde. Èmi ni mo sọ fún ọ pé ọmọ wọn ló gbé e wá láti ibi iṣẹ́. Ọgbẹ́ baba rẹ ṣì tutù, o sì sọ ọ́ síta bó ṣe ń dùn ọ́. Mi ò dá ọ lẹ́bi. Ẹ̀yin ará ìjọ náà ń wo ọmọ náà ní ìwòkuwò, ẹ ń fi àga sílẹ̀ láàárín yín àti òun kódà nígbà tí àrùn ti lọ. Ó fi iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn sílẹ̀, ó lọ ń di páálí ní ilé ìkẹ́rùsí. Ó ní ọwọ́ òun ò dára.

Ẹ̀dọ̀fóró mi ò bọ̀ sípò láti ìgbà yẹn. Ta ló sì ń tọ́jú mi? Òun náà ni. Gbogbo Sátidé ló ń wá. Á po ògì, á pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, á wẹ̀ mí bó ṣe ń wẹ àwọn arúgbó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sátidé tó kọjá, ó ń gé èékánná mi, kò gbójú sókè, ó ní, "Uncle, tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Mummy. Ẹ ní mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Ó ń gé èékánná náà lọ. Èémí mi dí. Ó rò pé ẹ̀rọ ni, ó dìde, ó fi kún afẹ́fẹ́ fún mi.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní basement, ẹ dìde kí ẹ sọ tẹnu yín kí n tó kú. Tẹniọlá, dárí jì mí pé mo jẹ́ kí o kà á láì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Olúwaṣèyítán bá dàgbà, sọ fún un pé àrùn ò nìkan pa Mama, ojú tó ń ti bàbá àgbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ tí ẹnu yín bá fẹ́ parọ́ láti gba orúkọ yín là, ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín kí ẹ tó la ẹnu náà. Mi ò lẹ́nu láti ní kí ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín.

Fẹ́yìsayọ̀, mi ò lè jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi. Tí wọ́n bá jẹ́ kí n rí Mama, ẹ̀bẹ̀ tara mi ni màá bẹ̀, torí kò sí ohun tí ìwọ ṣe fún wọn bí kò ṣe pé o tọ́jú wọn. Má wá ní Sátidé mọ́, àfi tí ọkàn rẹ bá gbà á. Test tí wọ́n ṣe fún ọ yẹn ò ṣì. Ìwọ kọ́ lo pa ìyá rẹ.