Wákàtí Kan Tí Mo Fi Kún Un

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé n kì í sábà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́ lórí eléyìí, mo ti jí ògo Ọlọ́run ni.

Ó pé ọdún méje tí Jídé àbúrò mi ti bínú kúrò nílé wa ní Ìfọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Màmá wa máa ń sọ pé ẹnu ọ̀nà làwọn máa kú sí, níbi táwọn ti ń retí rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí Màmá lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, mo pinnu láti máa ká ìsìn orí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nílé tèmi, kí n máa mú un lọ fún wọn ní Ìfọ̀. Alájì tó ń ta dikódà, ẹ̀rọ tó ń gba ìkànnì tẹlifíṣọ̀n, ní Mowe gbé méjì síwájú mi. Èyí ńlá lè ká ìkànnì kan sílẹ̀ kéèyàn máa wo òmíràn, ṣùgbọ́n inú ara rẹ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí, kò ṣe é mú jáde. Kékeré ò lè ṣe méjì pọ̀, àmọ́ orí fláàṣì tó ṣe é fà yọ ló ń ká a sí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo tún béèrè pé, "Alájì, tí iná bá lọ, tó tún padà dé, èwo ló máa tẹ̀síwájú fúnra rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ẹ̀rọ lẹ fẹ́ rà, àbí ọkọ lẹ fẹ́ fẹ́?"

Wọ́n yọ iná àwọn méjèèjì, wọ́n tún fi iná sí wọn. Kékeré nìkan ló rántí iṣẹ́ tí a rán an. Òun ni mo gbé, mo sì gbàdúrà lé e lórí.

Wákàtí kan ni ìsìn yẹn máa ń gbà. Ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò, ni mo bá fi wákàtí kan kún un. Ìgbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì délé ní Sunday àkọ́kọ́, iná ti lọ, ó sì ti padà dé. Orin ìparí nìkan ló bá nínú gbogbo ìsìn! Ètò àwọn tó ń ṣe gaàrí ní Owódé Ẹ̀gbá ló kún ìyókù. Inú bí mi gan-an. Mo fẹ́ pa á rẹ́, àmọ́ mo ní kí n mú orin yẹn lọ fún Màmá.

Mo ki fláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n wọn ní Ìfọ̀. Orin parí, gaàrí bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí rìmóòtù láti pa á ni Màmá pariwo: "Dá a padà! Mo ní dá a padà!"

"Màmá, gaàrí ni o."

"Ta ló bi ọ́ ní gaàrí? Wo ọkùnrin tó ń ti ẹ̀gẹ́ bọ ẹ̀rọ lẹ́yìn yẹn. Ìgúnpá ló fi nu òógùn. Bàbá ẹ àti Jídé nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀!"

Mo dá a padà, mo dá a dúró. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n Jídé ni. Jésù!

Monday ni mo gba Owódé lọ. Mo ti fi fóònù ya ojú rẹ̀ lára tẹlifíṣọ̀n, mo ń fi han àwọn èèyàn títí wọ́n fi mú mi dé ìdí ẹ̀rọ náà. "Àǹtí mi!" Ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín èèpo ẹ̀gẹ́. Ó ní òun rò pé Màmá ò fẹ́ rí òun mọ́. Mo ní, "Ìwọ tí wọ́n ń torí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́?"

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ìjókòó kẹta. Màmá rèé. Ẹ̀yìn Jídé ni wọ́n gùn wọlé láàárọ̀ yìí. N ò tan ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ kí n tó jáde. Ta ni mo tún fẹ́ ká ìsìn sílẹ̀ fún? Ẹ bá wa yọ̀, ẹ bá wa fi ògo fún Ọlọ́run. Jídé, dìde, kí wọ́n rí ọ.