Ìpè Wendell Tí Mo Gbé Mì

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín ní kí n wá sọ fún ẹ̀yin ọmọ kíláàsì àṣekágbá irú iṣẹ́ ológun tó yẹ kí ẹ wọ̀. Mo ti ń sọ ọ́ lọ́dọọdún, mo sì ń purọ́ lọ́dọọdún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ti di mọ́kànlélógún, dókítà sì ní ẹ̀dọ̀ mi ò ní jẹ́ kí n rí Kérésìmesì. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́. Èmi Royce Tackett tí ẹ ń pè ní akọni, aláìníláárí ni mí.

Wendell Stamper lọ́rẹ̀ẹ́ mi. Àgbàrá gbé bàbá rẹ̀ lọ nílùú yìí, ìyẹn ló ṣe fẹ́ di ẹ̀ṣọ́ etíkun, kó lè máa yọ èèyàn nínú omi. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ọmọ orí òkè tí kò rí òkun rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kì í gba èrò púpọ̀, wọ́n ní kó máa retí ìpè. Kò sí fóònù nílé wọn, nọ́ńbà ilé wa ló fún wọn.

Èmi ti tọwọ́ bọ̀wé fáwọn ológun orí ilẹ̀ ní tèmi, torí pé sájẹ́ǹtì tó ń ṣa ọmọ wọṣẹ́ ra písà fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ra odindi èèyàn. Ó ní bí mo bá mú ọ̀rẹ́ méjì wá, n ò ní bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á rán okùn oyè kan mọ́ apá aṣọ ológun mi. Mo ti mú ẹnì kan wá. Sájẹ́ǹtì wò mí, ó ní, "Royce, ọ̀rẹ́ ẹ tó fẹ́ lọ máa lúwẹ̀ẹ́ lókun yẹn ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù dún. Ọkùnrin kan fi sùúrù ṣàlàyé pé ààyè ti yọ fún Wendell, kó wá lọ́jọ́ Ẹtì, bí kò bá wá, àwọn á mú ẹlòmíràn. Mo ní màá jíṣẹ́. Wendell ń jẹ búrẹ́dì níwájú ilé wa lọ́wọ́. Mo lọ jókòó tì í. Ẹnu mi ò wúwo, ẹ gbọ́ bí mo ṣe burú tó.

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ló pè," mo ní. "Wọ́n láwọn ò fẹ́ ẹ."

Ó jẹ búrẹ́dì náà tán kó tó sọ̀rọ̀. "Wọ́n sọ ìdí ẹ̀?"

Mo ní wọ́n ní ọmọ orí òkè ò wúlò fáwọn.

"Ó dáa," ó ní. "Níbo ni sájẹ́ǹtì tìẹ wà?"

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn gan-an ló tọwọ́ bọ̀wé. Mo gba okùn mi, kò fẹ̀ ju ìka lọ. Lọ́dún kejì, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà pa á lójú ogun ní Ìráàkì. Èmi wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀lé tirẹ̀. Mo fà á jáde, wọ́n sì fún mi ní àmì ẹ̀yẹ. Mo gbà á, mo tún rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà wá ní fọ́tò.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tó bá wù yín, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ bèèrè rẹ̀. Ẹ má fi sẹ́nu ọ̀rẹ́.

Ìyá Wendell tẹ́ ẹ jókòó níwájú yìí, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ ń gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo wá fún mi, ẹ̀ ń pè mí lọ́mọ. Títí dòní lẹ̀ ń ṣépè fáwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. N ò lẹ́nu láti tọrọ ìdáríjì. Ṣùgbọ́n ẹ yí èpè náà sọ́dọ̀ mi, Mà. Wọn ò kọ ọmọ yín. Wọ́n ní kó máa bọ̀.