Òrùlé Kemta Tí Mo Pè Ní Tèmi

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládìrẹ, ẹ dákẹ́ ariwo yẹn ná. Láti àárọ̀ lẹ ti ń jiyàn bóyá àwòrán orí fóònù jẹ́ iṣẹ́ ọnà, bóyá ká gbà á wọlé síbi ìdíje wa. Ó ti sú mi. Èmi Sìlífátù tí ẹ fi ń ṣe ẹlẹ́rìí pé eré ọmọdé ni, èmi gan-an ni mo ní ohun tí mo fi pa mọ́. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láyé.

Ẹ mọ Haleemah, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Kemta. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé fóònù ńlá rẹ̀ wá bá mi nídìí ìkòkò aró.

"Ìyá Kemta, ẹ wo nǹkan tí mo ń yà."

Òrùlé páànù àdúgbò wa ni, wọ́n so mọ́ra wọn bí ẹyẹ ṣe máa ń rí wọn látòkè. Orí mi wú. Inú sì bí mi pé orí mi wú. Mo ní, "Ẹ̀rọ ló yà á, ìwọ kàn ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni. Lọ fọ ìkòkò." Àgbàyà! Mo kúkú ń rí i lójoojúmọ́ tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un yà.

Ìdíje wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi iyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sáṣọ, ọdún yẹn ni mi ò rí nǹkan kan yà. Nígbà tí Haleemah lọ síléèwé, mo ṣí fóònù rẹ̀, mo da àwòrán náà kọ sórí aṣọ funfun látòkè délẹ̀. Igun kan wà tí kò sí nǹkan níbẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì fi ẹ̀kọ kàn án, aró sì mu ún dúdú.

Lọ́jọ́ ìdíje, Ọ̀gbẹ́ni Herbert tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, adájọ́ wa, fọwọ́ lé igun náà. "Ẹ̀yin ọmọ fóònù, ẹ wá wo ọwọ́ àgbà! Ẹ̀rọ wo ló mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti dáwọ́ dúró?" Ẹ pàtẹ́wọ́. Èmi náà ń mi orí, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Haleemah bọ́ síwájú. Kò pariwo. "Ìyá Kemta, mi ò tíì parí igun yẹn ni." Ó ṣí fóònù rẹ̀ kí wọ́n rí i.

Ọ̀gbẹ́ni Herbert pòṣé. "Aṣọ ìyá ẹ lo yà ní fọ́tò, o wá ń pè é níṣẹ́ ẹ!"

Gbogbo yín yíjú sí mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí ẹ̀. Mo lanu, mo ní, "Wáláhì, èmi ni mo ronú ẹ̀. Olè lọmọ yìí."

Nígbà tá a délé, ó pa gbogbo àwòrán inú fóònù náà rẹ́ níṣojú mi. Aṣọ ló ń lọ̀ fún alágbàfọ̀ ní Láfẹ́nwá báyìí, kò ya nǹkan kan mọ́. Àwọn kan nínú yín ṣì ń di báàgì wọn mú tó bá ń kọjá.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbúra irọ́ yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá. Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá Kemta. Ìta lẹ ti pè mí lólè, ẹ wá ń bẹ̀ mí nínú yàrá."

Ìta rèé. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jiyàn, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọnà, kí ni mo wá jí? Ẹ wo ẹnu ọ̀nà yẹn, Haleemah ló dúró níbẹ̀, èmi ni mo ní kó wá. Òun ló ni iṣẹ́ tí ẹ torí ẹ̀ fún mi ní ife ẹ̀yẹ. Ọmọ mi, foríjì mí. Èmi lolè.