Wọ́n Ti Dá Àǹtí Dúpẹ́ Lóhùn Tipẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. N kò sọ fún ọkọ mi, n kò sọ fún pásítọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì súre fún mi.

Àǹtí Dúpẹ́ ni mò ń pè é. Ìjùmú ni àwa méjèèjì, a sì jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Lọ́kọ́ja. Ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ. Òun ló gbà mí sílé ní Otokiti nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí n kò mọ ẹnì kankan. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, á kí mi bí àwa Ìjùmú ṣe ń kí ara wa, "Òkun o, àbúrò mi," iṣu á sì ti wà lórí iná.

Nǹkan kan ló gba ọkàn Àǹtí. Òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé kan ni, òyìnbó aláwàdà tó gbáyé ní nǹkan bí àádóje ọdún sẹ́yìn, lásìkò ayaba wọn àtijọ́. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rín ọkùnrin náà kò ná an ní wàhálà kankan. Àǹtí ní irọ́ ni. "Ẹni tó ń pani lẹ́rìn-ín tó báyìí, ó ti làágùn kó tó débẹ̀. Mo fẹ́ rí ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Mo fẹ́ rí ibi tó ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́." Ó sọ ọ́ títí ó fi sú gbogbo wa.

Láíbìrì kan lókè òkun ti ya fọ́tò àwọn ìwé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n tì í pa. Àfi kéèyàn kọ lẹ́tà sí wọn, kó sọ ohun tó ń wá, kí wọ́n tó fún un ní páásíwọọdù. Àǹtí kò mọ kọ̀ǹpútà, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Báírò ló fi ń kọ tirẹ̀, èmi ni mo ń bá a tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ṣí ímeèlì fún un ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Kpata. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ lẹ́tà yẹn, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ.

Kò pé oṣù kan tí wọ́n fèsì. Wọ́n ní ìbéèrè rẹ̀ dùn mọ́ àwọn gan-an, wọ́n sì fún un láyè ọdún kan gbáko.

Nígbà yẹn, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ máásítà mi ti da iṣẹ́ mi nù lẹ́ẹ̀mejì. Mo jowú, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní parọ́ mọ́. Mo ní kí n fi páásíwọọdù náà wo àwọn ìwé yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan péré kí n tó sọ fún Àǹtí. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan. Nígbà tó yá, mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, á bi mí pé, "Láti ìgbà wo?" Bí ọdún náà ṣe tán nìyẹn. Èrò orí Àǹtí ni mo fi gba máásítà.

Òótọ́ ló ń sọ o. Mo rí i, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, bí ọkùnrin náà ṣe pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rẹ́rìn-ín, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n fi han Àǹtí. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa ń bi mí ní sítááfù-rúùmù. "Ṣé wọ́n ti fèsì?" Màá ní, "Wọn ò tíì fèsì, Àǹtí." Á ní, "Kò burú, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn." Ojú tì mí débi pé n kò lọ sí Otokiti mọ́. Mo ní ọmọ ni, mo ní iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ mí, àárò rẹ̀ ń pa mí. Àárò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, tí atẹ́gùn Odò Ọya ń fẹ́, tí Àǹtí ń ka ohùn ìyàwó inú eré ọkùnrin náà, tó tún ń ka ohùn ọkọ, títí iṣu á fi jóná. Láti ìgbà yẹn, n kò tíì rí ẹni tí mo bá rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àìsàn sì ti mú un lójú. Ọ̀kan ti lọ. Dókítà ní èkejì náà ò ní pẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé láíbìrì yẹn ti ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sí pé à ń gba páásíwọọdù mọ́. Mo ní háà, Ọlọ́run ti yọ mí. Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù, ó di Otokiti. "Àǹtí, wọ́n ti fèsì o!" Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde.

Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Mo sọ àwòrán ìwé náà di ńlá títí kò fi lè tóbi mọ́. Ó ní, "Mo rí funfun. Mo rí dúdú. Níbo ló ti pa á rẹ́?" Mo di ìka rẹ̀ mú, mo fi tọ ìlà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Gbogbo ọdún yìí, kò sú ọ. Ohun tí o bá ń wá, o ò ní wá a tì."

Kò tán síbẹ̀. Ó ní kí n mú báírò, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbàgbé mi. Mo ti rò pé lẹ́tà mi kò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni."

Lẹ́tà náà nìyí níwájú mi. N kò tíì fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n Àǹtí rò pé ó ti lọ. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, mo ti gba ìwọ̀nba tó rí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá sì dákẹ́, inú òkùnkùn ni á ti máa súre fún mi. Èsì wọn ti ọjọ́sí ṣì wà nínú ímeèlì náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wí, mo tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tètè dá mi lóhùn. Àràárọ̀ ló ń pè mí lórí fóònù báyìí: "Òkun o, àbúrò mi. Ṣé wọ́n ti fèsì?"