Bàbá Wàhábì Kò Wa Ọkọ̀ Mi Wò Mọ́

Àlùhámúdùlílàhì! Ẹ má jẹ́ kí n nìkan sọ ọ́ o. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, gbogbo Àsàlátù wa, ẹ bá mi gbé e sókè: Àlùhámúdùlílàhì fún Ọba tí kò jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ mi!

Alfa wa, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè. Ẹ ní kí n má jẹ́ kó gùn. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Èmi Ìyá Ramota aláàdìrẹ Ìtòkú, bí mo bá ń ta aṣọ lásán, ẹnu mi kì í tètè sinmi, áńbọ̀sìbọ́sí ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀mí. Ẹ bá mi fara dà á.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Nígbà tó kú, ó fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí mo fi ń kó aṣọ. Ó sì fi mẹkáníìkì kan sílẹ̀ fún mi. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, bí ẹni jogún ni mo ṣe jogún mẹkáníìkì yẹn. Bàbá Wàhábì ni. Wọ́n wà lọ́hùn-ún yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó dìde sọ èyí. Àwọn àti ọkọ mi jọ ké kéwú lábẹ́ àlùfáà kan náà ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ni wọ́n wẹ òkú rẹ̀, àwọn ni wọ́n wọ inú sàréè lọ gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, irú ẹni bẹ́ẹ̀, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún un pé òun fẹ́ gbé ọkọ̀ òun lọ síbòmíràn?

Wọ́n sì mọ iṣẹ́ o. Nígbà ayé ọkọ mi, bí wọ́n bá ṣe sáfíìsì ọkọ̀ tán, wọn kì í kàn fi kọ́kọ́rọ́ léèyàn lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn á kọ́kọ́ wà á jáde. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tẹ bíréèkì lójijì níbi tí kò sí èrò. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n á ní ó ti dáa, tàbí kí wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Kò sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn.

Lẹ́yìn tí mo ṣe tákàbà ọkọ mi tán, tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo gbé ọkọ̀ náà lọ fún sáfíìsì. Wọ́n ṣe é tán, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ìwọ ni kó o wà á. Èmi á jókòó tì ọ́, màá máa gbọ́ bó ṣe ń dún.”

Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n kọjú sí ìjókòó awakọ̀, wọ́n kàn mi orí. Èmi náà wo ìjókòó yẹn. Ìjókòó ọkọ mi ni. Mo ní nínú ara mi pé háà, bàbá yìí ò lè jókòó síbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Mo délé, mo ròyìn fún Ramota, ọmọ mi kan ṣoṣo tó ń bá mi ya àdìrẹ, mo ní irú ọ̀rẹ́ báyìí ti tán láyé. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi sunkún ní tèmi, mi ò ríran rárá.

Láti ìgbà náà lọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Wọ́n á tún ọkọ̀ ṣe, èmi á wà á, wọ́n á tẹ́tí. Ramota sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, “Ìyá mi, Bàbá Wàhábì ń fi ọwọ́ wá irin iṣẹ́ tó wà níwájú wọn.” Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo ní ọwọ́ àgbà ti mọ ọ̀nà, kò nílò ojú.

Nígbà tó yá, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo sọ fún wọn. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n ní páàdì ló ti jẹ tán. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. A wa ọkọ̀ náà jáde bí ìṣe wa, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní kò sí wàhálà. Ẹ̀yin èèyàn mi, bíréèkì tó ń jò kì í dún.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni èmi àti Ramota kó àdìrẹ kún inú ọkọ̀, a ń lọ sí Láfẹ́nwá. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òfo ni. Mo ń wo àwọn èèyàn tó ń sọdá nísàlẹ̀, àwọn tó gbé ẹrù, àwọn tó fa ọmọ lọ́wọ́. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo já jíà wálẹ̀, ọkọ̀ ń ké, kò dúró. Mo ní Ọlọ́run, má jẹ́ kí n pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo bá yà á lu ògiri ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán.

Ẹ̀gbẹ́ tí Ramota jókòó sí ló gbá ògiri náà. Irin wọlé, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọmọ mi ò ké. Àìké rẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ọkùnrin Láfẹ́nwá sáré wá, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi fa irin yẹn títí tó fi tú u sílẹ̀, kí Ọlọ́run san án fún wọn. Aṣọ tí mo fẹ́ lọ tà ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rin ín títí a ò fi rí ọnà ara rẹ̀ mọ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ìyá, egungun yìí ti fọ́ káàkiri, ẹ̀jẹ̀ ò sì lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ dáadáa. Bí kò bá yí padà, a máa gé e láti orúnkún, kó má baà gba ẹ̀mí rẹ̀.” Ẹ gbọ́ mi o. Ọmọ tó ń dúró ti ìkòkò aró láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Mo ní kí wọ́n gé tèmi. Dókítà ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní kí n wá síbi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Ó bọ́ táyà ẹ̀yìn, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Páìpù bíréèkì ló ti la, gbogbo inú ibẹ̀ rin gbingbin fún ọ́ìlì bíréèkì. Ó ní kì í ṣe lánàá ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó ní, “Ẹni tó bá ní ojú á rí i. Ta ni mẹkáníìkì yín?”

Àbúrò ọkọ mi, tó sìn mí lọ, ta jáde bí iná. Ó ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ní ọlọ́pàá lòun máa fi gbé Bàbá Wàhábì. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò ní purọ́ níbi tá a ti ń pe Ọlọ́run, mo tiẹ̀ ti ń gbé wọn ṣépè nínú.

Kí a tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn fúnra wọn ti dé ilé ìwòsàn. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ ògiri bọ̀. Wọ́n kọjá lára mi. Wọ́n lọ bá obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ẹ kú ìdààmú.”

Mo pè wọ́n. Wọ́n yí sí ibi tí ohùn mi ti wá, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní, “Ìyàwó, mi ò rí i. Mo fi ọwọ́ wá a lábẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ń jò. Ojú mi ti ń lọ kí ọkọ rẹ tó kú.”

Mo ní, “Ìjókòó yẹn ńkọ́?”

Wọ́n ní, “Kì í ṣe tìtorí ọ̀rẹ́ mi. Mi ò rí títì mọ́ ni. Mo mọ̀ pé ohun tó ò ń rò nìyẹn, mo sì jẹ́ kó o máa rò ó.”

Ìyẹn dùn mí ju ọkọ̀ lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn ti gba òmìnira lọ tán, pé ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì tí kò ríran? Wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì sí àbúrò ọkọ mi pé kó máa mú àwọn lọ, pé ohun tí àwọn sọ fún mi náà ni àwọn máa sọ fún ọlọ́pàá. Àbúrò ọkọ mi tó ń jó bí iná ò rí ohun tó máa ṣe sí ọwọ́ yẹn.

Ramota ló tú wa sílẹ̀. Mo wọlé lọ ròyìn fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti ìrora. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ọlọ́pàá ò lọ síbì kankan.”

Dókítà ojú yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ti òsì ti lọ, kò ní padà. Ó ní ti ọ̀tún ṣẹ́ kù díẹ̀, oògùn lè dá ìyẹn dúró, pé bí wọ́n bá tún pẹ́ sí i, òkùnkùn biribiri ni. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọlọ́pàá.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Dókítà Ramota fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Ìyá, ó ti ń gbóná. A ò ní gé e.” Àlùhámúdùlílàhì! Ẹ tún bá mi sọ ọ́! Wọ́n fi irin to egungun náà, ó pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ò sì gùn tó èkejì mọ́. Kò lè dúró ti ìkòkò aró mọ́, ìjókòó ló ń ya àdìrẹ báyìí. Ó ń dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Nígbà tó tó àkókò láti tún ọkọ̀ náà ṣe, ẹ̀rù bà mí láti yan mẹkáníìkì. Kálukú ń mú àna rẹ̀ wá, kálukú ń mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Mo bá lọ bi Bàbá Wàhábì. Àbúrò ọkọ mi ní orí mi ti dàrú. Bàbá Wàhábì ní kí n wá, ó di Ìbarà, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí wọ́n ti bá jà rí nítorí oníbàárà. Wọ́n ní, “A kì í kí ara wa. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ nǹkan, á sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ wà lọ́nà Alábàtà, kì í lè sọ bẹ́ẹ̀.”

A débẹ̀, ọkùnrin náà rí wọn, ó ṣu ojú. Bàbá Wàhábì ló kọ́kọ́ kí i. Wọ́n ní, “Ojú mi ti lọ. Oníbàárà mi rèé.” Ọkùnrin yẹn gbé àga fún wọn. Ó bọ́ táyà ẹ̀yìn, ó fi páìpù tuntun sí i, ó ní kí n wá wo bó ṣe gbẹ. Ó ṣe é tán, ó wọ ìjókòó awakọ̀, òun fúnra rẹ̀ wà á jáde lọ wò. Mo dúró sójú títì, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ẹ jọ ń kírun yan mẹkáníìkì. Ẹ má torí òkú yàn án. Ẹ ní kó tú u kí ẹ rí i, ẹ ní kó wà á kí ẹ tó gbà á. Bó bá ní ẹ̀yin ni kí ẹ máa wà á, ẹ béèrè ìdí, kí ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn, ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo dá ara mi lóhùn. Ìwọ tí nǹkan kan sì ń bà jẹ́ lára rẹ, tó o fi ń pamọ́ nítorí oúnjẹ, sọ ọ́ lónìí. Ọlọ́run tó bá wa ṣẹ́gun ò tíì sùn.

Alfa wa, mo ti ń parí ọ̀rọ̀. Ramota, dìde, ọmọ mi, rọra. Lọ di Bàbá Wàhábì lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ wá síwájú fún àdúrà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Rárá, ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ kàn máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀.